Ta ló ń kọrin nínú ìrẹ̀: orí ni àbí ikùn?

Bí wọ́n bá gé orí eṣinṣin kan kúrò, tí wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ìyókù ara rẹ̀, ìyókù ara yẹn lè kọrin. Àlọ́ kọ́ o. J. Dylan Clyne àti Gero Miesenböck ṣe é, wọ́n sì gbé ìwádìí náà jáde ní 2008. Eṣinṣin tí wọ́n lò ni èyí tó kéré gan-an, tó máa ń rábàbà yí èso tó ti ń rà ká. Drosophila ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Wọ́n ti kọ́kọ́ tún jíìnì rẹ̀ ṣe débi pé ìmọ́lẹ̀ lè jí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ara rẹ̀. Orí ti lọ, ọpọlọ ti bá orí lọ, síbẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bà á, ó na ìyẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń gbọ̀n ọ́n, bí akọ ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń fẹ́ abo.

Kí wá ni iṣẹ́ ọpọlọ nínú orin kòkòrò? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdáhùn náà ná, kí àlàyé tó tẹ̀ lé e. Ọpọlọ ló ń pinnu ìgbà tí orin yóò bẹ̀rẹ̀, irú orin tí yóò jẹ́, àti ìgbà tí yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìró kan ṣe ń tẹ̀ lé èkejì, bó ṣe ń yá tàbí bó ṣe ń falẹ̀, ibòmíràn ni wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀. Ọpọlọ ló pe onílù, òun kọ́ ló ń lù ú. Àyà àti ikùn ni onílù ọ̀hún ń gbé, ó sì pẹ́ gan-an kí àwọn onímọ̀ tó mọ ojúlé rẹ̀.

Ká tó lọ jìnnà, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe to nǹkan sínú ara kòkòrò. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn káàkiri ara, tí wọ́n ń pè ní níúrọ́ọ̀nù, wà lára tiwa, ó sì wà lára tiwọn. Okùn níúrọ́ọ̀nù tiwa gba inú egungun ẹ̀yìn wálẹ̀. Tiwọn gba ìhà ikùn. Lára okùn yìí, láti orí títí dé ìdí, àwọn níúrọ́ọ̀nù kó ara wọn jọ ní kókó-kókó. Èyí tó tóbi jù wà ní orí, òun la ń pè ní ọpọlọ. Mẹ́ta wà ní àyà, níbi tí ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ ti hù jáde. Ìyókù wà ní ikùn. Kókó kọ̀ọ̀kan lè dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe dé ìwọ̀n kan. Ìdí nìyẹn tí kòkòrò tí kò lórí mọ́ fi lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó rìn, tàbí kó ta ìpá.

Ìrẹ̀ ni wọ́n ti yẹ̀ wò jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Gryllus bimaculatus. Akọ nìkan ló ń kọrin. Ẹnu kọ́ ló fi ń kọ ọ́. Ìyẹ́ ọ̀tún gun ti òsì. Eyín tín-tín-tín tò sí abẹ́ ìyẹ́ tó wà lókè, bèbè líle kan sì wà lára ìyẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Tó bá la ìyẹ́ méjèèjì, kò sí ariwo. Tó bá pa wọ́n dé, bèbè yẹn á ha àwọn eyín náà, ìyẹ́ á máa gbọ̀n ní nǹkan bí 4,800 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn tó dún bíi fèrè á sì jáde. Ìdé kan, ìró kan. Ìró mẹ́ta sí márùn-ún máa ń tẹ̀ léra wéré, á dákẹ́ díẹ̀, òmíràn á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀wọ́ ni màá máa pe ìró mẹ́ta sí márùn-ún yẹn, torí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìró àti ọ̀wọ́ ni gbogbo àlàyé yìí dúró lé. Orin mẹ́ta ni ìrẹ̀ mọ̀: èyí tó fi ń pe abo láti òkèèrè, èyí tó rọlẹ̀ tó ń kọ tí abo bá ti dé tòsí, àti èyí tó fi ń halẹ̀ mọ́ akọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Franz Huber, bẹ̀rẹ̀ sí í ki wáyà tó tín-ín-rín bí irun bọ ọpọlọ ìrẹ̀, ó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ ta á jí. Láwọn ibì kan, ìrẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ orin lójú ẹsẹ̀. Láwọn ibòmíràn, èyí tó ti ń kọrin á dákẹ́. Ó rí orin ìpè, ó rí orin ìjà, gbogbo rẹ̀ láti inú orí kan náà. Ó hàn gbangba pé ọpọlọ ní àṣẹ lórí orin. Àmọ́ wáyà kò lè fọwọ́ kan níúrọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Ẹgbàágbèje ló ń jí lẹ́ẹ̀kan, èèyàn ò sì lè mọ èwo gan-an ló sọ̀rọ̀.

Berthold Hedwig ló wá mú ọ̀kan nínú wọn. Ní 2000, ó kọ nípa níúrọ́ọ̀nù kan tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ọpọlọ ìrẹ̀, tí okùn rẹ̀ gùn láti orí lọ sí ìsàlẹ̀ ara. Bí ìrẹ̀ bá ń sinmi, níúrọ́ọ̀nù yìí dákẹ́. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gíláàsì tó mú ju ohun tí ojú lè rí lọ ta á jí, débi pé ó ń ta ìròyìn 60 sí 80 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrẹ̀ á kọ orin ìpè. Níúrọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, odindi orin! Mi ò rò pé ohun púpọ̀ wà nínú ìmọ̀ nípa ọpọlọ tó yani lẹ́nu tó báyìí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wúlò jù nínú ìwádìí yẹn kì í ṣe pé orin jáde. Hedwig wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí níúrọ́ọ̀nù apàṣẹ náà bá ń ta kíákíá sí i. Ọ̀wọ́ á máa yára tẹ̀ léra. Ìyẹn ni pé akọ náà ń pe abo kíkankíkan. Àmọ́ àwọn ìró tó wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Ẹ ò rí i pé ibi tí àṣẹ ọpọlọ pin sí nìyẹn? Ó lè ní kí orin le tàbí kó dẹwọ́, ó lè ní kó bẹ̀rẹ̀ tàbí kó parí, ṣùgbọ́n ìlù inú ọ̀wọ́ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣesí ìrẹ̀ náà tún ń dá sí i: èyí tó ń sinmi tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ta níúrọ́ọ̀nù apàṣẹ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀wọ́ tí kò pé ló máa ń kọ, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó ti ń kọrin tẹ́lẹ̀ máa ń jẹ́ ìpè wéré.

Ta ló wá ń lu ìlù? Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń nàka sí kókó tó wà láàárín àyà, torí pé ibẹ̀ ni okùn tó ń lọ sí iṣan ìyẹ́ iwájú ti jáde. Ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Ibi tí ìyẹ́ wà ló yẹ kí olùdarí ìyẹ́ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Stefan Schöneich àti Hedwig gé okùn níúrọ́ọ̀nù láàárín àyà àti kókó àkọ́kọ́ tó dá dúró nínú ikùn, orin dúró lójú ẹsẹ̀, kò sì padà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn tó so ọpọlọ pọ̀ mọ́ ìyẹ́ ṣì wà láìfarapa. Wọ́n gbé èyí jáde ní 2011. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n fi hàn pé onílù náà kì í gbé ojú kan: àwọn níúrọ́ọ̀nù rẹ̀ nà láti kókó tó kẹ́yìn ní àyà wọ inú ikùn.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n dára. Wọ́n gé okùn tó wọ inú ìyẹ́, kí ìyẹ́ má lè mira rárá, wọ́n wá fi oògùn ta ọpọlọ jí. Ìrẹ̀ náà kò dún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ́tí sí àṣẹ tó ń gba ibi tí wọ́n gé yẹn jáde, orin ìpè ni, láìyingin, "là, pa, là, pa," pẹ̀lú ìsinmi tó yẹ láàárín ọ̀wọ́. Èyí túmọ̀ sí pé kì í ṣe ìyẹ́ ló ń sọ fún ara pé "mo ti là tán, ó kan pípa." Inú okùn níúrọ́ọ̀nù ni ìlù náà ti ń wá, ìyẹ́ wà tàbí kò sí.

Báwo ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ṣe ń pa ìlù mọ́ láìsí aago? Ẹgbẹ́ méjì ló wà, ẹgbẹ́ alà àti ẹgbẹ́ apa. Bí ẹgbẹ́ alà bá ń sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ apa á dákẹ́, á sì tún padà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbé e láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì ni ìwà kan tí àwọn níúrọ́ọ̀nù kan ní: bí nǹkan bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, gbàrà tó bá gbọ́wọ́ kúrò, wọn kì í kàn padà sí ipò ìsinmi. Wọ́n máa ń ta sókè kọjá ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì fọhùn fúnra wọn. Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń bí ìró tó kàn. Kì í ṣe ọgbọ́n yìí nìkan ló wà nínú iṣẹ́ náà, àmọ́ òun ni wọ́n rí dájú nínú ìrẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi abẹ́rẹ́ ta ọ̀kan nínú àwọn níúrọ́ọ̀nù alà yìí nígbà tí orin ń lọ, ìlù á bẹ̀rẹ̀ látorí tuntun láti ibi tí wọ́n ti ta á. Níúrọ́ọ̀nù tó kàn ń gbọ́ orin lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lára àwọn tó ń lù ú nìkan ló lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí. Ẹsẹ̀ iwájú ni etí ìrẹ̀ wà, nísàlẹ̀ orúnkún. Orin tó ń kọ sì le gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ju 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ níbi tí etí yẹn wà. Akọ kan lè kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lálẹ́ kan. Báwo ni kì í ṣeé di adití? Báwo ló ṣe ń gbọ́ akọ míì, tàbí ẹranko tó fẹ́ pa á jẹ?

James Poulet àti Hedwig rí ìdáhùn, wọ́n sì gbé e jáde ní 2006. Níúrọ́ọ̀nù kan wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí orí rẹ̀ wà ní kókó àárín àyà, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé. Gbogbo ìgbà tí àṣẹ "pa ìyẹ́ dé" bá ń lọ sí iṣan, ẹ̀dà àṣẹ yẹn á lọ sọ́dọ̀ níúrọ́ọ̀nù yìí. Òun náà á pa àwọn níúrọ́ọ̀nù etí lẹ́nu mọ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ìró kan fi ń dún, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìró parí, etí là. Nígbà tí wọ́n gé ìyẹ́ kan kúrò lára àwọn ìrẹ̀ kan, tí wọ́n ń kọrin láìdún, etí wọn ṣì ń dí ní àkókò tó yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohùn kankan tí wọ́n ní láti sá fún. Àṣẹ ló ń dí etí, kì í ṣe ariwo. Bí wọ́n bá sì ta níúrọ́ọ̀nù náà jí nígbà tí ìrẹ̀ ń sinmi, ohùn láti ìta á fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlé mọ́.

Àwọn kòkòrò yòókù kì í ṣe é bákan náà. Tata máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha ìyẹ́, àwọn kòkòrò míì sì ní awọ líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn tí iṣan ń fà wọnú tó ń ta jáde. Bí wọ́n bá ro oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bí acetylcholine, kẹ́míkà tí níúrọ́ọ̀nù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, sínú àárín gbùngbùn ọpọlọ tata kan tó ń jẹ́ Chorthippus biguttulus, á bẹ̀rẹ̀ orin. Afẹ́fẹ́ nitric oxide tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń ṣe sì ń dá a dúró. Ohun tó ń tì í síwájú wà, ohun tó ń fà á sẹ́yìn wà, ibi tí méjèèjì bá sì bára wọn dọ́gba sí ni ìpinnu ti ń wá.

Ká padà sí eṣinṣin tí wọ́n gé lórí. Tirẹ̀ yé wa ju ti ìrẹ̀ lọ lápá kan, torí pé jíìnì rẹ̀ rọrùn láti tún ṣe. Jíìnì kan tó ń jẹ́ fruitless ló ń pín akọ àti abo níyà nínú ọpọlọ rẹ̀. Ní 2005, Ebru Demir àti Barry Dickson gbé irú tí akọ ní wọ inú abo, abo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ àwọn abo ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ọpọlọ akọ, ẹgbẹ́ níúrọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ P1 ló ń gbé e sọ́kàn pé abo rèé. Wọ́n ń bá níúrọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ pIP10 ṣiṣẹ́, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí àyà, níbi tí onílù wà. Anne von Philipsborn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló to ọ̀nà yìí jọ ní 2011. Ohun tí Clyne àti Miesenböck sì rí, tí mi ò tíì sọ, ni pé abo tí kò lórí náà kọrin nígbà tí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Orin rẹ̀ kò gún, ìlù rẹ̀ kò péye, ṣùgbọ́n orin ni. Abo tí kì í kọrin rárá ní gbogbo ayé rẹ̀ ní onílù ní àyà. Ohun tí kò ní ni ẹni tó máa pè é.

Ṣé iṣẹ́ ọpọlọ wá kéré? Rárá. Orin eṣinṣin pín sí oríṣi méjì, èyí tó ń já ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀-lé pẹ̀lú àlàfo tó tó ìdá 35 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, àti èyí tó ń hù láìjá. Mala Murthy àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Princeton rí i pé akọ kì í kàn máa pààrọ̀ wọn bó ṣe wù ú. Ó ń wo bí abo ṣe ń yára tó, ó ń wo bó ṣe jìnnà tó. Bí abo bá jìnnà, ó ń gbé ohùn sókè. Yíyàn yẹn ni ọpọlọ ń ṣe, lójú ẹsẹ̀, bí ìran tó wà níwájú rẹ̀ bá ṣe ń yí padà.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, dídí orin lọ́nà ni iṣẹ́ ọpọlọ. Ní 1970, David Bentley àti Ronald Hoy yẹ ọmọ ìrẹ̀ tí kò tíì ní ìyẹ́ àgbà wò. Wọ́n pa apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ lára, àṣẹ orin àgbàlagbà sì jáde láti inú àyà ọmọ tí kò ní ohun tó fẹ́ fi kọ ọ́. Orin ti wà ní sẹpẹ́; ọpọlọ ló ń sọ fún un pé kó ṣì dúró. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ìrẹ̀ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń kọ orin tó wà láàárín ti méjèèjì, láìgbọ́ ọ rí.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí èyí wá láti erékùṣù Kauai, ní Hawaii. Eṣinṣin kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ̀ lé orin ìrẹ̀ láti wá a rí, tó sì ń yé ìdin sí i lára, ìdin náà á sì jẹ ẹ́ láti inú. Ní 2006, Marlene Zuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé láàárín ìran tí kò tó ogún, ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn akọ ibẹ̀ tí ìyẹ́ wọn ti pa rẹ́rẹ́, tí kò sí eyín tó ń dún mọ́. Jíìnì ìyẹ́ ló yí padà, kì í ṣe ti níúrọ́ọ̀nù. Nítorí náà, lálaalẹ́, àwọn akọ yìí ṣì ń gbé ìyẹ́ sókè, wọ́n ṣì ń fi ha ara wọn, ní ìlù tó pé, láìsí ìró kankan. Ọpọlọ ń pè, onílù ń jẹ́, kò sí ìlù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìlù yìí kì í ṣe aago tó dúró lójú kan o. Ara kòkòrò kì í gbóná fúnra rẹ̀, bí ìta bá ṣe rí ló ń rí. Bí ooru bá pọ̀, níúrọ́ọ̀nù àti iṣan á yára. Bí òtútù bá mú, wọ́n á falẹ̀. Láti 1897 ni Amos Dolbear, ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé èèyàn lè ka orin ìrẹ̀ kó fi mọ bí ooru ṣe tó. Èyí dá wàhálà sílẹ̀ fún abo: orin irú tirẹ̀ lálẹ́ olótùútù lè dà bí orin irú mìíràn lálẹ́ olóoru. Ohun tó ń gbà á ni pé òun náà wà nínú ooru kan náà. Etí rẹ̀ ń yára, ó ń falẹ̀, pẹ̀lú ti akọ.

Ọ̀dọ̀ abo yìí gan-an ni ọpọlọ ti ń fúnra rẹ̀ ka ìlù. Ní 2015, Schöneich, Konstantinos Kostarakos àti Hedwig fi hàn pé níúrọ́ọ̀nù márùn-ún péré nínú ọpọlọ ìrẹ̀ abo ló ń dá orin irú rẹ̀ mọ̀. Ìró kan á wọlé, ó á pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan á lọ tààrà. Èkejì á kọ́kọ́ tẹ níúrọ́ọ̀nù kan mọ́lẹ̀, èyí tó máa ta sókè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tàwọn tó ń lù ú nínú akọ. Bí ìró kejì bá dé lásìkò tí ìtasókè yẹn ń ṣẹlẹ̀, méjèèjì á pàdé, níúrọ́ọ̀nù tó kàn á sì fọhùn. Bí ìró kejì bá yá jù tàbí tó pẹ́ jù, wọn ò ní pàdé, ọ̀rọ̀ náà á sì kú síbẹ̀. Àlàfo tó bá a mu jù tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n kan náà tí akọ fi ń la ìyẹ́ tó fi ń pa á dé.